Ẹja Òkun Nínú Pálọ̀ Kékeré: Omi Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Sìn

Ẹni tó bá fẹ́ máa sin ẹja òkun nílé, ọ̀rọ̀ ẹja ló máa ń kọ́kọ́ dá sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi: mélòó ni táǹkì á gbà, èwo ló rẹwà jù? Mo máa ń ní kó fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Fún bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 àkọ́kọ́, omi nìkan lẹ ó máa sìn. Ẹni tí kò bá lè ní sùúrù yẹn, owó rẹ̀ á dà nù, ẹja aláìṣẹ̀ á sì kú.

Èèyàn lè sin ẹja òkun ní yàrá kan àti pálọ̀, àmọ́ ẹ má torí pé àyè kéré lọ ra táǹkì bíńtín. Bí omi bá ṣe kéré sí ni nǹkan ṣe máa ń tètè bàjẹ́ nínú rẹ̀. Oúnjẹ tó ṣẹ́kù tó jẹrà nínú omi lítà 20 lè pa ẹja kí ilẹ̀ tó mọ́; nínú lítà 80, ẹ ṣì lè ráyè yọ ọ́. Lítà 60 sí 80 ni mo máa ń ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ rà. Lítà omi kan tó kílò kan, nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ka gíláàsì, òkúta àti yanrìn mọ́ ọn, ẹrù náà lè kọjá 100 kílò. Tábìlì tẹlifíṣọ̀n kò lè gbé e. Ẹ má gbé e síbi tí oòrùn ti ń gba fèrèsé wọlé. Ẹ sì jẹ́ kí wáyà kọ̀ọ̀kan rọ̀ wálẹ̀ kọjá sọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó padà gòkè, kí omi tó bá ń ṣàn bọ̀ lára rẹ̀ lè kán sílẹ̀, kó má bàa wọnú iná.

Ọ̀pọ̀ omi bọ́hòòlù l'Èkó ló ní irin nínú. Omi tí wọ́n fi ẹ̀rọ RO (reverse osmosis, tó ń yọ ohun tó yòrò sínú omi kúrò) sẹ́ ni kí ẹ lò, kí TDS meter, ẹ̀rọ tó ń wọn ohun tó yòrò sínú omi, sì sún mọ́ òdo tẹ́ ẹ bá tì í bọ̀ ọ́. Ẹ má lọ pọn omi ọ̀sà: odò ń ya wọ̀ ọ́, iyọ̀ rẹ̀ máa ń já wálẹ̀ gan-an nígbà òjò, ìdọ̀tí ìlú sì wà nínú rẹ̀. Iyọ̀ ìsebẹ̀ náà kò ṣeé lò, torí kò ní calcium àti magnesium tó wà nínú omi òkun. Ẹ ra iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún ẹja òkun, nǹkan bí gíráàmù 35 sí lítà kan. Ẹ pò ó nínú korobá tí ọṣẹ kò kàn rí, kí pọ́ǹpù máa rò ó di ọjọ́ kejì. Refractometer, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ inú omi, gbọ́dọ̀ ka 1.025 kí omi náà tó wọ táǹkì.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó jẹrà máa ń mú amóníà jáde, májèlé ni fún ẹja. Àwọn bakitéríà kan wà tí wọ́n ń sọ amóníà di nítíráìtì (nitrite), tó ṣì jẹ́ májèlé; àwọn mìíràn á wá sọ ìyẹn di nítíréètì (nitrate), tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní ẹja lára, tẹ́ ẹ ó sì máa fi pípààrọ̀ omi dín kù. Inú ihò wínníwínní ara òkúta ni wọ́n ń gbé, ó sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó pọ̀. Ẹ ju edé tútù kan sínú táǹkì kó máa jẹrà, oúnjẹ wọn nìyẹn. Ẹ wá máa yẹ omi wò. Nínú ohun ìdánwò tó wọ́pọ̀ lọ́jà, ẹ ó kán oògùn sínú omi díẹ̀ nínú ọpọ́n gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́: bí amóníà bá wà, á di àwọ̀ ewé, bí kò bá sí, á dúró ní àwọ̀ ìyeyè. Ọjọ́ tí amóníà àti nítíráìtì bá di òdo pátápátá, tí nítíréètì sì ti yọjú, táǹkì ti gbó. Láàárín àkókò yẹn, nǹkan kan lè bo yanrìn, kó pọ́n rúsúrúsú bí irin tó dípẹtà. Ẹ má fòyà, ó máa ń lọ fúnra rẹ̀.

Ooru ni wàhálà tiwa. Omi tó tutù tó 24 sí 27 lórí ìwọ̀n Celsius ló dáa, pálọ̀ Èkó sì máa ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù kẹta ọdún. Fáànù kékeré tó ń fẹ́ sójú omi lè mú un wálẹ̀ ní ìwọ̀n 2 tàbí 3, àmọ́ omi á máa fà. Omi ló ń fà, iyọ̀ kì í bá a lọ. Nítorí náà, omi RO lásán, tí kò níyọ̀, ni kí ẹ fi dí i lójoojúmọ́. Ẹ fi téèpù sàmì sára gíláàsì kí ẹ lè mọ ibi tó yẹ kó dé.

Bí NEPA bá mú iná lọ, afẹ́fẹ́ inú omi á bẹ̀rẹ̀ sí í tán, omi tó gbóná kì í sì í gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ dúró. Pọ́ǹpù kì í jẹ iná púpọ̀. Ínfátà kékeré lè gbé e, tàbí kí ẹ ra pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì. Mi ò ní bá ẹni tí kò bá ní ọ̀kan nínú méjèèjì to táǹkì.

Ẹja wá kù. Ẹ mú clownfish, ẹja kékeré aláwọ̀ ọsàn tó ní ìlà funfun, méjì tí wọ́n bí nínú táǹkì, kí ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ. Akọ ni gbogbo wọn nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Èyí tó tóbi jù á di abo, ìjà á sì dín kù. Ẹja búlúù tí wọ́n ń pè ní blue tang, táwọn ọmọdé máa ń bẹ̀ fún, máa ń gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Ìyà ni fún un nínú táǹkì kékeré, mi ò sì ní tà á fún yín. Oúnjẹ díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú 2. Ìdá kan nínú mẹ́wàá omi ni kí ẹ máa pààrọ̀ lọ́sẹ̀. Tí ìdánwò amóníà àti ti nítíráìtì bá dúró lórí òdo fún oṣù kan gbáko lẹ́yìn tí ẹja wọlé, ẹ lè wá bi mí nípa ẹja kẹta.