Bí Igi Ṣe Di Ìlà: Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Àwòrán Piet Mondrian

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí àwòrán Piet Mondrian a ní ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó mú rúlà dání lè ya irú ẹ̀. Ìlà dúdú tó nàró, ìlà dúdú tó dùbúlẹ̀, àyè funfun láàárín wọn, pupa díẹ̀ níbí, búlúù díẹ̀ lọ́hùn-ún, ó tán. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ìgbà tí mo rí àwọn igi tó yà ṣáájú ni mo panu mọ́.

Ìlú Amersfoort ní Nẹ́dálándì ni wọ́n bí i sí ní 1872. Ọ̀gá ilé-ìwé ni bàbá rẹ̀, ó sì mọ àwòrán yà. Frits, àbúrò bàbá rẹ̀, jẹ́ ayàwòrán, òun náà kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Amsterdam ní 1892, ohun tí wọ́n ń yà nílùú wọn lòun náà ń yà: odò, oko, ilé ọlọ tí afẹ́fẹ́ ń yí.

Ní nǹkan bí 1908, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya igi kan tó pupa fòò, tí òfúrufú ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí aró, tí ẹ̀ka rẹ̀ ń lọ́ bí ejò. Igi ṣì ni. Ní 1911, wọ́n pàtẹ iṣẹ́ Picasso àti Braque ní Amsterdam, àwọn tó ń fọ́ ojú èèyàn àti gìtá sí wẹ́wẹ́ lórí kánfáàsì. Mondrian rí i, kò sì pẹ́ tó fi di ẹrù rẹ̀, ó forí lé Paris. Mondriaan ni orúkọ ìdílé rẹ̀ tẹ́lẹ̀; ó yọ "a" kan kúrò. Àwọn igi tó yà lẹ́yìn náà ni kí ẹ wò. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọ̀ eérú bo gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìtí igi pòórá, ó ku ẹ̀ka. Ẹ̀ka náà di ìlà tó tẹ̀, ìlà tó tẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í nà. Tó bá fi máa di 1913, àfi kéèyàn ka àkọlé kó tó mọ̀ pé igi ni.

Ní 1914, ó wálé wo bàbá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, ni ogun bá bẹ́ sílẹ̀. Ọdún márùn-ún ló fi há sílé. Ní Laren ló ti pàdé Bart van der Leck, ẹni tó ń lo àwọ̀ gidi láìpò ó pọ̀ mọ́ òmíràn. Theo van Doesburg ní tiẹ̀, ayàwòrán tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, dá ìwé ìròyìn De Stijl sílẹ̀ ní Leiden ní October 1917. Inú ìwé yẹn ni Mondrian ti to òfin rẹ̀ jáde: ìlà tó tọ́ nìkan, pupa, pupa rúsúrúsú àti búlúù, funfun, dúdú àti àwọ̀ eérú. (Ká ní àwọn àgbà wa ló bi léèrè, wọn ì bá sọ fún un pé ó ka pupa lẹ́ẹ̀mejì.) Ó ti wọ ẹgbẹ́ Theosophy, àwọn tó ń wá àṣírí ẹ̀mí tó wà lẹ́yìn ohun tójú ń rí, láti 1909. Lójú tirẹ̀, akọ ni ìlà tó nàró, abo ni èyí tó dùbúlẹ̀. Ibi tí méjèèjì bá ti pàdé ni ayé ti gún.

Gerrit Rietveld, kápẹ́ńtà tó tún ń ya àwòrán ilé, gbé òfin yìí wọnú àga, ó sì fi kọ́ ilé kan sí Utrecht ní 1924. Ṣùgbọ́n nígbà tí van Doesburg bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìlà tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Mondrian fi ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe De Stijl sílẹ̀. Ìlà tó wọ́ ló wà lára ohun tó tú ọ̀rẹ́ ká!

Ó ti padà sí Paris ní 1919. Ọjà kò tà, ó ń ya òdòdó fún àwọn oníbàárà kó lè rówó jẹun. Yàrá rẹ̀ ní rue du Départ funfun báláú, ó lẹ páálí aláwọ̀ káàkiri ògiri, ó ń ṣí wọn nípò bí ayò. Òdòdó àtọwọ́dá kan wà níbẹ̀, ó sì kun ewé rẹ̀ ní funfun, nítorí kò fẹ́ rí àwọ̀ ewé nínú ilé. Ọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ lórí igi!

Ní 1937, ìjọba Hitler pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ohun tí wọ́n pè ní iṣẹ́ ọnà tó ti dìbàjẹ́. Ó sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1938. Nígbà tí bọ́ǹbù dé ibẹ̀, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí New York ní 1940. Ijó ti wà lára rẹ̀ tipẹ́, orin boogie-woogie ibẹ̀ sì wọ̀ ọ́ lára, ni ìlà dúdú bá kúrò lójú àwòrán rẹ̀, ìlà aláwọ̀ gba ipò rẹ̀. Òtútù àyà pa á ní ọjọ́ kìíní oṣù February 1944, téèpù aláwọ̀ ṣì wà lára iṣẹ́ tí kò tíì parí.

Irú téèpù bẹ́ẹ̀ ló fi ṣe àwòrán New York City I ní 1941, èyí tó wà ní mùsíọ́mù Düsseldorf ní Jámánì. Ní 2022, olùtọ́jú ibẹ̀ sọ pé ó dájú pé orí rẹ̀ ni wọ́n ti dà kodò láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbé e kọ́. Wọn ò yí i padà. Téèpù ọ̀hún ti gbẹ, ó ń ṣí. Bí wọ́n bá dà á, ó lè já bọ́.