Bí wọ́n ṣe ń wọn ìrìn èèyàn

Tí ẹnì kan bá ń tiro, ọmọdé pàápàá á rí i. Ohun tí ojú kì í tètè rí ni ibi tí ìtiro náà ti wá. Bí ẹ̀yà ara kan bá di aláìlágbára, òmíràn á bá a ru ẹrù rẹ̀, rírù yẹn la sì sábà máa ń rí, tí a ó máa pè ní àìsàn. Iṣẹ́ yàrá tí wọ́n ti ń wọn ìrìn ni láti ya méjèèjì sọ́tọ̀: èwo ni àìsàn, èwo ni ọgbọ́n tí ara ń dá sí i.

Láti ìgbà tí gìgísẹ̀ ọ̀tún bá kan ilẹ̀ títí di ìgbà tí òun náà yóò tún fi kan ilẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún máa ń wà nílẹ̀ fún bí ìdá 60 nínú 100 àkókò náà, á sì wà lókè fún ìdá 40 tó kù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹsẹ̀ méjèèjì máa ń jọ wà nílẹ̀, bí ìdá 10 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Bí èèyàn bá ti ń sáré, àkókò àjọwà yìí á pòórá. Ẹni tí ẹ̀rù ìṣubú ń bà kì í fẹ́ kó pòórá rárá. Ṣe ló máa ń fà á gùn, bí ẹni tó ń gba orí ẹrẹ̀ kọjá nígbà òjò.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Lẹ́yìn ọdún 1880, ní Paris, Étienne-Jules Marey, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Faransé, wọ aṣọ dúdú fún èèyàn látòkè délẹ̀, ó fa ìlà funfun sí ẹ̀gbẹ́ apá àti ẹsẹ̀, ó sì ń yà á léraléra sójú àwòrán kan ṣoṣo, tó fi jẹ́ pé ìlà nìkan ló hàn. Ní 1891, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, Braune àti Fischer, ní Leipzig, ní Jámánì, so ọ̀pá iná tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ara ọkùnrin kan lóru. Dídì í nìkan gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìṣirò rẹ̀ gba ọ̀pọ̀ ọdún.

Lóde òní, bọ́ọ̀lù kéékèèké tó tó ọmọ ayò ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara. Ẹni tí wọ́n fẹ́ wọn á wọ ṣòkòtò péńpé, òṣìṣẹ́ á máa fi ìka tẹ ara rẹ̀ títí yóò fi kan ibi tí eegun ti yọ: ìbàdí, ẹ̀gbẹ́ orúnkún, ọrùn ẹsẹ̀. Àwọn kámẹ́rà tó wà lára ògiri á máa tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí, bọ́ọ̀lù á dá a padà, kámẹ́rà á sì yà á ní ìgbà 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó kéré tán, kámẹ́rà méjì gbọ́dọ̀ rí bọ́ọ̀lù kan kí kọ̀ǹpútà tó mọ ibi tó wà. Pẹ̀lú gbogbo owó tí wọ́n ná sórí kámẹ́rà wọ̀nyí, ìka òṣìṣẹ́ yẹn ṣì lè ba iṣẹ́ jẹ́: tó bá lẹ bọ́ọ̀lù orúnkún síwájú díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kọ̀ǹpútà á ní itan ń yí, itan kò sì yí.

Ìwọ̀n kan tún wà tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀. Ìwọ̀n ọjà kò mọ̀ ju wíwúwo sísàlẹ̀ lọ. Eléyìí mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń ti ilẹ̀ síwájú, sẹ́yìn àti sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹni tó wọn kìlógíráàmù 70 bá tẹ̀ ẹ́, ó lè fò dé 77 tàbí 80, á já wálẹ̀ sísàlẹ̀ 70 bí ara bá ti ń kọjá lórí ẹsẹ̀, á tún gòkè nígbà tí ẹsẹ̀ bá fẹ́ ṣí, bí ẹ̀yìn ràkúnmí oníké méjì. Wọn kì í sọ fún onítọ̀hún pé kó tẹ̀ ẹ́ o. Tó bá ti mọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í fojú sun ún, ìrìn rẹ̀ á sì di ti àṣehàn.

Ibi tí èrè rẹ̀ ti hàn jù ni lára ẹni tí rọpárọsẹ̀ tó ti ọpọlọ wá kọlù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbéra dáadáa. Ó ń fì í gba ìta yípo bí ẹni ń fi dòjé pa koríko. Ẹni méjì lè fì í bákan náà láìjẹ́ pé ohun kan náà ló ń ṣe wọ́n. Iṣan iwájú ojúgun lè kọ̀ láti gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sókè. Ó sì lè jẹ́ iṣan iwájú itan ló di orúnkún mú gírígírí ní àkókò tó yẹ kó dẹ̀, tí orúnkún kò fi tẹ̀. Ọpọlọ ni kò ránṣẹ́ tó fún ti àkọ́kọ́. Èkejì ni kò rí ẹni sọ fún un pé kó dákẹ́. Okùn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ awọ ara tó ń ka iná mànàmáná kékeré inú iṣan ló ń fi ìyàtọ̀ hàn. Ti àkọ́kọ́ lè rí ìrànlọ́wọ́ gbà lára ike tó ń wọnú bàtà, tó ń gbé àtẹ́lẹsẹ̀ dúró. Ti èkejì lè nílò abẹ́rẹ́ tó ń mú iṣan dẹ̀. Bí a bá gbé ike fún ẹni tí abẹ́rẹ́ yẹ, yóò kàn máa ru ike kiri lásán ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tó ń rọ̀ sí ọ̀tún ní gbogbo ìgbà tó bá fẹsẹ̀ ọ̀tún tẹlẹ̀. Ará ilé á ní ẹ̀yìn ló ń dùn ún. Iṣan ẹ̀gbẹ́ ìbàdí ọ̀tún ló rẹ̀, ìyẹn èyí tí kì í jẹ́ kí ìbàdí òsì ṣubú nígbà tí ẹsẹ̀ òsì bá gbéra. Rírọ̀ yẹn ló ń gbé ìwúwo ara wá sórí oríkèé kí iṣẹ́ iṣan náà lè dínkù. Friedrich Trendelenburg, oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì, ti ṣàlàyé èyí ní 1895, láìsí kámẹ́rà.

Níbi tí kò sí yàrá bẹ́ẹ̀, àga kan, aago kan àti mítà 3 ilẹ̀ ni àwọn físíò, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú bí ara ṣe ń rìn àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ń lò. Aláìsàn á dìde lórí àga, á rin mítà 3, á yí padà, á wá jókòó. Bí àgbàlagbà bá lo ìṣẹ́jú àáyá 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á máa ṣọ́ ọ nítorí ìṣubú. Ṣùgbọ́n bí ẹni méjì bá lo 16, aago kò mọ ìyàtọ̀ wọn. Ọ̀kan fi àsìkò ṣòfò níbi dídìde, ó ń fọwọ́ ti apá àga, nítorí orúnkún. Èkejì dìde wéré, àmọ́ nígbà tó fẹ́ yí padà, ọrùn, èjìká àti ìbàdí jọ ń yí bí òpó kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ ń gbé ìgbésẹ̀ kéékèèké mẹ́jọ dípò méjì tàbí mẹ́ta, ọwọ́ kan kò sì fì mọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ ni físíò á darí rẹ̀ sí, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún àrùn Parkinson, ìyẹn àrùn ọpọlọ tó ń mú kí ara le kí ìrìn sì fà.