Ẹ wọn kànga yín kí ẹ tó ra pọ́ǹpù

Ìbéèrè tí àwọn tó ń kọ́lé ní Ìbàdàn máa ń bi àwa tí a ń ri pọ́ǹpù jù ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, họ́ọ̀sì páwà mélòó ni kí n rà?" N kì í dá wọn lóhùn títí wọn yóò fi sọ ohun mẹ́ta fún mi: bí ojú omi kànga wọn ṣe jìn tó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí táńkì wọn ṣe ga tó, àti bí kànga náà ṣe ń yára sun padà tó. Họ́ọ̀sì páwà kò sọ bí omi yóò ṣe pọ̀ tó. Agbára mọ́tò ló ń sọ, 1 họ́ọ̀sì páwà sì jẹ́ wáàtì 746. Pọ́ǹpù méjì lè jẹ́ 1 họ́ọ̀sì páwà, kí ọ̀kan máa da omi púpọ̀ síbi tí kò ga, kí èkejì máa gbé díẹ̀ lọ sókè réré.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú kànga. Pọ́ǹpù tó wà lórí ilẹ̀ kò ní ọwọ́ tó fi ń fa omi. Ó kàn ń dín afẹ́fẹ́ inú páìpù kù ni, afẹ́fẹ́ ìta tó tẹ ojú omi kànga mọ́lẹ̀ ló ń ti omi gòkè. Agbára afẹ́fẹ́ yẹn kò ju nǹkan bíi mítà 10 lọ. Lẹ́nu iṣẹ́, mítà 7 ni mo máa ń fọkàn sí. Ẹ ra 2 họ́ọ̀sì páwà, ẹ ra 5, bí ojú omi bá ti jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, pọ́ǹpù onípáìpù kan kò ní rí i fà.

Níbẹ̀ ni jẹ́ẹ́tì pọ́ǹpù ti wúlò. Ihò tóóró kan wà nínú rẹ̀. Bí omi bá ṣe ń gba ibẹ̀ kọjá, eré rẹ̀ á le sí i, bí ìgbà tí èèyàn bá fi àtàǹpàkò dí ẹnu ọ́ọ̀sì díẹ̀. Agbára títẹ̀ rẹ̀ á wá dín kù, omi kànga á sì rọ́ tẹ̀ lé e. Bí ojú omi kò bá ju mítà 7 lọ, orí pọ́ǹpù ni jẹ́ẹ́tì máa ń wà, páìpù kan ló ń wọ kànga. Bó bá jìn jù bẹ́ẹ̀, a ó sọ jẹ́ẹ́tì kalẹ̀ sínú kànga pẹ̀lú páìpù méjì: ọ̀kan ń dá omi padà fún jẹ́ẹ́tì, èkejì ń gbé omi gòkè. Ó lè fa omi láti mítà 20. Àmọ́ omi tó ń yí padà yẹn kì í dé táńkì, torí náà bí kànga bá ṣe ń jìn sí i ni omi tí ẹ ó rí yóò máa kéré sí i. Fún bọ́hòólù tó jìn, sumo, ìyẹn pọ́ǹpù tí wọ́n ń rì sínú omi, ni kí ẹ rà.

Wíwọn kànga kò ná èèyàn lówó. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, ẹ lọ síbẹ̀ ní ìdájí kí ará ilé tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọnmi. Ẹ jù ú sílẹ̀ títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, kí ẹ fà á jáde. Apá okùn tó gbẹ ni jíjìn ojú omi, apá tó tutù ni ìwọ̀n omi tó wà níbẹ̀. Oṣù kẹta ni kí ẹ ṣe é. Orí àpáta ni Ìbàdàn wà, inú ilẹ̀ tó rà lórí àpáta náà ni omi kànga wa ń gbé, ó sì máa ń sọ̀ kalẹ̀ gan-an nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá wọn kànga ní oṣù kẹsàn-án, omi òjò ló wọ̀n.

Ká sọ pé ilé kan wà ní Àkóbọ̀, ojú omi rẹ̀ jìn ní mítà 6, ẹnu táńkì sì fi mítà 9 ga ju pọ́ǹpù lọ. Ìyẹn mítà 15. Páìpù fúnra rẹ̀ náà máa ń jẹ lára agbára, pàápàá níbi tó bá ti ṣẹ́ kọ́nà, ẹ fi mítà 3 kún un, ó di 18. Ẹ wá wo ara pọ́ǹpù. Wọ́n lè kọ H max (ibi tó ga jù tó lè gbé omi dé) mítà 40 àti Q max (omi tó pọ̀ jù tó lè dà) líta 40 ní ìṣẹ́jú kan síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé méjèèjì yóò wá pọ̀. Rárá o! Bí pọ́ǹpù náà bá dé mítà 40, ẹ̀kán omi kan kò ní jáde. Líta 40 náà, ìgbà tí kò bá gbé omi ga rárá ni. Ìwé tó wà nínú páálí ni yóò sọ iye líta tí ẹ ó rí ní mítà 18. Bí ó bá tó nǹkan bíi líta 25 sí 30, ó tó ilé. Jẹ́ẹ́tì pọ́ǹpù 1 họ́ọ̀sì páwà sábà máa ń ṣe é.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pọ́ǹpù ńlá lórí kànga kékeré. Kànga tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 1 máa ń gba nǹkan bíi líta 785 nínú mítà kọ̀ọ̀kan. Bí omi tó kù sínú rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn bá jẹ́ mítà kan àbọ̀, kò tó líta 1,200. Pọ́ǹpù tó ń fa líta 50 ní ìṣẹ́jú kan yóò gbá a gbẹ kí ìṣẹ́jú 25 tó pé. Lẹ́yìn náà, afẹ́fẹ́ ni yóò máa fà, síìlì rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń dí omi kó má baà dé mọ́tò, á gbóná, á jóná, omi á sì máa jò wọ ẹ̀yìn mọ́tò. Ẹ fa kànga náà sílẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ dúró fún wákàtí kan, ẹ tún un wọ̀n. Bí omi bá fi ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 30 gòkè, á jẹ́ pé nǹkan bíi líta 235 ló ń sun ní wákàtí kan, kò tó líta 4 ní ìṣẹ́jú kan. Kò sí pọ́ǹpù tó kéré tó bẹ́ẹ̀ fún ilé. Ohun tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ ra èyí tó kéré jù tó lè gbé omi dé táńkì, kí ẹ máa tàn án díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fi float switch, ìyẹn súwíìsì tó ń léfòó lójú omi, sínú kànga kó máa pa á fúnra rẹ̀ bí omi bá ti lọ sílẹ̀.

Ẹ má ṣe fi páìpù tó tóóró ju ẹnu pọ́ǹpù lọ sí apá tó ń wọ kànga. Bí ẹ bá gbọ́ ìró bí ẹni pé òkúta wẹ́wẹ́ ń yí nínú pọ́ǹpù, omi kò ráyè wọlé tó nìyẹn, ẹ tètè pa á. Foot valve tó dáa, ìyẹn ìdérí ìsàlẹ̀ páìpù tí kì í jẹ́ kí omi padà sínú kànga, ṣe pàtàkì, torí bí ìyẹn bá ń jò, ojoojúmọ́ ni ẹ ó máa bu omi sí pọ́ǹpù kó tó ṣiṣẹ́.

Ní ti iná, mọ́tò máa ń gba iná tó pọ̀ ju wáàtì rẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀, torí náà jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kò tó kílówáàtì 1 kò lè tan pọ́ǹpù 1 họ́ọ̀sì páwà. Bí iná ilé bá sì ń ṣe bàìbàì, ẹ má tàn án títí yóò fi padà bọ̀ sípò.