Òdo Tí Kì Í Ṣe Òdo: Ìdánwò Náítíréètì Nínú Omi Ẹja

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin ẹja sínú àpótí onígíláàsì nílé ló gbà pé bí àwọn bá ti dán omi wò, tí omi inú túùbù sì dúró ní àwọ̀ ìyeyè, a jẹ́ pé kò sí náítíréètì, èròjà tí ìdọ̀tí ẹja máa ń dà níkẹyìn, nínú omi náà rárá. Wọn á fọkàn balẹ̀, wọn á sún ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ omi síwájú, àwọn mìíràn a tilẹ̀ máa yangàn pé asẹ́ tiwọn ń ṣiṣẹ́ ju ti ẹlòmíràn lọ. Ìgbàgbọ́ yìí máa ń ṣi ni lọ́nà, pàápàá nínú àpótí tó ti pé oṣù mẹ́fà, tí ẹja inú rẹ̀ sì ń jẹun lójoojúmọ́.

Ìdí ni pé ẹja a máa tú amóníà, èròjà olóró kan, sínú omi, oúnjẹ tí wọn kò jẹ tán náà a sì máa jẹrà di amóníà. Oríṣi bakitéríà kan ń sọ amóníà di náítíráìtì, òmíràn ń sọ náítíráìtì di náítíréètì, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ asẹ́ tí ọ̀pọ̀ wa ń lò máa ń parí sí. Náítíréètì kò ní ibi tí yóò gbà lọ, àfi kí a da omi nù, tàbí kí ewéko inú omi fà á mu, tàbí kí bakitéríà tó ń gbé níbi tí ọ́síjìn kò dé sọ ọ́ di afẹ́fẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ewéko kún inú àpótí rẹ̀ bámúbámú, tí ẹja rẹ̀ sì mọ níba, lè rí òdo lóòótọ́. Ẹni tí àpótí rẹ̀ kò ní ju òkúta wẹ́wẹ́ àti ewé oníke lọ ni kí ó fura sí òdo.

Bí ìdánwò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an ló ń fa ìṣìnà. Ohun ìdánwò tó jẹ́ ìgò kékeré méjì kò lè rí náítíréètì fúnra rẹ̀. Náítíráìtì ló ń rí, nípasẹ̀ ọ̀nà tí Peter Griess, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ Jámánì, ṣàwárí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Kí náítíréètì tó lè fara hàn, ohun kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ padà di náítíráìtì, ohun náà sì ni ìyẹ̀fun irin tí à ń pè ní zinc, tó wà nínú ìgò kejì. Zinc yìí kì í yòrò nínú ìgò. Ṣe ló máa ń sílẹ̀, bí ògì ṣe ń sílẹ̀ nínú ike tí omi rẹ̀ á wá lé téńté. Ẹni tó bá lo ìgò náà láìmì ín, omi orí ògì ló kán sínú túùbù, àwọ̀ ìyeyè ni yóò sì rí bí náítíréètì tilẹ̀ kún inú omi ẹja rẹ̀.

Ìlànà tó wà nínú páálí ohun ìdánwò API, ọ̀kan nínú àwọn tó gbajúmọ̀, ni pé kí a bu omi ẹja mílílítà 5, kí a kán ẹ̀kán 10 sí i láti inú ìgò kìíní, kí a mi ìgò kejì kíkankíkan fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kí a tó kán 10 láti inú rẹ̀, kí a mi túùbù fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí a sì dúró fún ìṣẹ́jú 5 kí a tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì àwọ̀. Aago ni kí a wò, nítorí ìṣẹ́jú àáyá 30 máa ń gùn ju bí ọwọ́ ṣe rò lọ. Ìgò tó ti pẹ́ lórí pẹpẹ, zinc rẹ̀ lè ti dì mọ́ ìdí rẹ̀. Ẹ fi ìdí ìgò náà gbá orí tábìlì kí ó tú ná. Ẹni tó sì ti ń lo ìgò láìmì ín fún ìgbà pípẹ́ ti ná omi inú rẹ̀ ju zinc lọ, nítorí náà lọ́jọ́ tó bá ronú pìwà dà tó mì ín dáadáa, èyí tó kù kò ní bá ìwọ̀n káàdì mu mọ́. Kí ó ra tuntun.

Àṣìṣe máa ń wà ní òdìkejì pẹ̀lú. Nínú àpótí tuntun, náítíráìtì lè pọ̀ nínú omi, ìdánwò yìí á sì kà á mọ́ náítíréètì, torí kò mọ èyí tí zinc ṣe yàtọ̀ sí èyí tó ti wà níbẹ̀. Ní ti àwọ̀ pupa tí omi túùbù máa ń ní bí náítíréètì bá pọ̀, agbára káká ni ojú fi ń ya mílígíráàmù 40 nínú lítà kan sọ́tọ̀ sí 80 lórí káàdì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ po omi ẹja ìwọ̀n kan mọ́ omi dísítíìlì (omi tí a ti yọ èròjà inú rẹ̀ kúrò) ìwọ̀n mẹ́rin, ẹ dán àdàlù náà wò, kí ẹ sì fi 5 sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀.

Ẹ tún wo ohun tí nọ́ńbà náà ń kà. Àwọn ohun ìdánwò kan ń ka náítíréètì lódidi, àwọn mìíràn ń ka náítírójìn inú rẹ̀ nìkan, 1 ti ìkejì yìí sì tó 4.43 ti àkọ́kọ́. Òfin omi mímu ní Britain gba mílígíráàmù 50 nínú lítà kan, ti Amẹ́ríkà dúró sí 10, ẹni tí kò mọ̀ yóò sì rò pé Amẹ́ríkà le jù ní ìlọ́po márùn-ún. Náítírójìn ni Amẹ́ríkà ń kà. 10 wọn jẹ́ nǹkan bíi 44 ní òǹkà Britain.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òdo òun jẹ́ òdo lóòótọ́, kí ó dán ohun ìdánwò fúnra rẹ̀ wò. Kí ó yọ́ iyọ̀ tí à ń pè ní potassium nitrate, gíráàmù 1.63, sínú omi dísítíìlì títí yóò fi di lítà kan. Èyí ní náítíréètì mílígíráàmù 1000. Kí ó bu mílílítà 20 nínú rẹ̀, kí ó tún fi omi dísítíìlì sọ ọ́ di lítà kan, 20 ló sì yẹ kí káàdì fi hàn. Kí ó dán omi tó fi ń pààrọ̀ wò bákan náà, pàápàá bí ó bá jẹ́ ti kànga tó súnmọ́ ṣáláńgá. Bí omi kànga bá ti ní 40, pípààrọ̀ omi kò lè mú ti inú àpótí wálẹ̀ ju 40 lọ, sísè kò sì lè mú un kúrò, torí omi ló ń gbẹ, náítíréètì ló ń kù.