Ẹ̀sìn Kọ́ Ló Dá Àwọn Orílẹ̀-Èdè Mùsùlùmí Dúró Lójú Kan

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn èèyàn máa ń sọ bíi pé kò sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀ mọ́: ibi tí Mùsùlùmí bá ti pọ̀, ìṣẹ́ àti àìmọ̀wé ló máa ń wà níbẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ọ lórí rédíò, ẹ ó gbọ́ ọ nínú mọ́tò, ẹ ó sì bá a lábẹ́ gbogbo ìròyìn tó bá ti Niger tàbí Somalia wá. Ẹni tó ń sọ ọ́ á ní kí ẹ wo Òkè Ọya lọ́hùn-ún, kí ẹ wo Afghanistan, kí ẹ wo àwọn ọmọ kéékèèké tó ń gbé abọ́ tọrọ jẹ. Á ní ẹ̀sìn wọn ni kò jẹ́ kí ojú wọn là.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé àwọn Mùsùlùmí kan náà gbà bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà wọ̀ ọ́ ló yàtọ̀. Tiwọn ni pé ayé kọ́ la bá wá, ọ̀run ni ilé, ẹni tó bá fẹ́ di ẹ̀sìn rẹ̀ mú kò gbọdọ̀ máa sáré ìwé àti ọrọ̀ ayé kiri. Ẹni tó ń bú wa àti ẹni tó ń tù wá nínú, ìgbàgbọ́ kan náà ni wọ́n jọ dì mú: pé Islam àti ìdàgbàsókè ọmọ èèyàn kò lè gbé pọ̀. Irọ́ ni, kì í sì í ṣe irọ́ tó ṣòro láti já.

Òṣùwọ̀n tí gbogbo ayé fi ń wo ìdàgbàsókè ọmọ èèyàn gan-an, tí wọ́n ń pè ní Human Development Index, Mùsùlùmí ló ṣáájú àwọn tó gbé e kalẹ̀. Mahbub ul Haq ni orúkọ rẹ̀, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, ọmọ Pakistan, tó ti ṣe mínísítà ètò ìnáwó nílùú rẹ̀ rí. Kó tó dé, owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè ni wọ́n kàn máa ń kà. Ó ní ìyẹn nìkan kò tó. Ṣé àwọn èèyàn ibẹ̀ ń pẹ́ láyé? Ṣé wọ́n ń kàwé? Ẹ da ìyẹn pọ̀ mọ́ owó kí ẹ tó sọ pé ìlú kan ti gòkè. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Amartya Sen ọmọ Íńdíà, ló jọ ro ó jinlẹ̀, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì gbé àkọ́kọ́ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1990.

Ẹ wá wo ìsàlẹ̀ òṣùwọ̀n yìí. Somalia, Niger, Chad àti Mali wà níbẹ̀ lóòótọ́. South Sudan náà wà níbẹ̀, Central African Republic wà níbẹ̀, Burundi wà níbẹ̀, Kristẹni ló sì pọ̀ jù nínú àwọn mẹ́ta yìí. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé Bíbélì ló kó ìṣẹ́ bá Burundi, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ìlú tí ogun abẹ́lé kò jẹ́ kó sinmi, ìlú tí kò ní etíkun, ìlú tí aṣálẹ̀ ń jẹ lọ, ìlú tí àwọn ológun ń fi ìbọn gbàjọba: ohun tó pa wọ́n pọ̀ sísàlẹ̀ nìyẹn. Lókè, ẹ ó rí United Arab Emirates, Qatar àti Saudi Arabia. Ẹ lè ní epo rọ̀bì ni. Ó dáa, Turkey ńkọ́, tó jẹ́ pé òkèèrè ló ti ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú epo tó ń lò? Òun náà wà ní ìpele tó ga jù lọ.

Epo gan-an kì í dá kọ́ ilé ìwé. Ẹ wo Oman. Ní 1967 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta epo wọn sókè òkun, lábẹ́ Sultan Said bin Taimur. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ilé ìwé mẹ́ta péré ló wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, ọkùnrin nìkan ló sì wà nínú wọn. Ní 1970, ọmọ rẹ̀ Qaboos gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ná owó náà sórí ilé ìwé, ọ̀nà àti ọsibítù. Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wo ogójì ọdún sẹ́yìn nínú ìròyìn rẹ̀ ti 2010, Oman ni wọ́n dárúkọ pé ó rìn jìnnà jù nínú gbogbo orílẹ̀-èdè tí wọ́n wò. Ẹ̀sìn bàbá ni ẹ̀sìn ọmọ. Epo kan náà ni. Ọwọ́ tó di owó náà mú ló yàtọ̀.

Bangladesh ni mo fẹ́ ká pẹ́ lé lórí, torí kò ní epo tó lè tà fún ẹnikẹ́ni. Títí di 1971, òun àti Pakistan jọ jẹ́ orílẹ̀-èdè kan ni. Mùsùlùmí ló kún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, Kùránì kan náà, ààwẹ̀ kan náà, ìjọba kan náà. Nígbà tí wọ́n fi máa pínyà, Bangladesh ni ọ̀rọ̀ burú fún jù. Ìjì líle tó ti orí òkun wá ní 1970 pa èèyàn tó tó 300,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ogun òmìnira tẹ̀lé e. Ìyàn mú ní 1974. Obìnrin kan ń bí ọmọ mẹ́fà sí méje, nínú ọmọ márùn-ún, ó tó ẹyọ kan tí kì í pé ọdún márùn-ún.

Lónìí, obìnrin ibẹ̀ ń bí bíi ọmọ méjì. Ti Pakistan ṣì lé ní mẹ́ta. Ọmọ tí wọ́n bá bí ní Bangladesh ń retí láti lo ọdún tó lé ní 70 láyé, ó sì ju ti ọmọ Pakistan lọ. Àwọn méjèèjì ṣì ń kírun sí ibì kan náà.

Kí ni wọ́n ṣe? Ẹ jẹ́ kí n mú ìgbẹ́ gbuuru nìkan, torí àwa náà mọ ohun tó ń fojú ọmọ rí. Ilé ìwádìí kan tó wà ní Dhaka wà lára àwọn tó fi hàn, ní ìparí àwọn ọdún 1960, pé omi tí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ ní ìwọ̀n tó yẹ lè gba ẹ̀mí ẹni tí kọ́lẹ́rà mú là. Ó wá ku bí ìyá tí kò mọ̀wé, tí ilé rẹ̀ jìnnà sí ọsibítù, ṣe máa mọ̀ ọ́n pò. BRAC, ẹgbẹ́ kan tí Fazle Hasan Abed dá sílẹ̀ ní 1972, rán àwọn obìnrin láti ilé dé ilé. Kò sí ṣíbí ìwọ̀n, ọwọ́ ni wọ́n fi kọ́ni: iyọ̀ tí ìka mẹ́ta bá bù, ẹ̀kúnwọ́ ṣúgà ìrèké kan, omi tó tó bíi ìdajì lítà. Ìyá ọmọ á pò ó fúnra rẹ̀ lójú olùkọ́. Tó bá ṣe díẹ̀, ẹlòmíràn á padà wá bi í léèrè, iye ohun tí àwọn ìyá bá sì rántí ni wọ́n fi ń ṣírò owó tí olùkọ́ máa gbà. Láàárín 1980 sí 1990, ilé tí wọ́n dé lé ní mílíọ̀nù 12. Abúlé tí eléhàá pọ̀ sí ni ọ̀pọ̀ nínú ibi tí wọ́n lọ. Ẹ̀há kò dí wọn lọ́wọ́, torí obìnrin ni wọ́n rán sí obìnrin.

Wọ́n tún ṣe ti ilé ìwé. Nínú ètò kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1994, ọmọbìnrin ìgbèríko tó bá wọ girama kò san owó ilé ìwé, ìjọba tún san owó díẹ̀ sí àpò báǹkì tó wà lórúkọ ọmọ náà. Àdéhùn rẹ̀ ni pé kó máa wá sí kíláàsì, ó kéré tán ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, kó gba máàkì tó tó 45, kó má sì tíì lọ́kọ. Àwọn madrasa, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ Islam, tí ìjọba fọwọ́ sí wà nínú ètò náà. Bàbá tó fẹ́ tètè fọmọ fọ́kọ wá rí i pé owó á bọ́ lọ́wọ́ ọmọ. Kò pẹ́ rárá tí àwọn ọmọbìnrin fi pọ̀ ju ọkùnrin lọ ní girama Bangladesh.

Ìjì líle náà kò sì dáwọ́ dúró. Àmọ́ nígbà tí ìjì Amphan ń bọ̀ ní 2020, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 2 ni wọ́n ti kó kúrò létí òkun kó tó dé. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ń fi gbohùngbohùn kéde káàkiri abúlé, gbohùngbohùn tí wọ́n fi ń pe ìrun ní mọ́sálásí náà ń kéde. Àwọn tó kú ní Bangladesh kò tó ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi wé 300,000.

À ń sunkún, à ń ríran. Bangladesh kì í ṣe àlùjánnà. Ilé alájà tó wó lórí àwọn òṣìṣẹ́ aránṣọ ní Rana Plaza ní 2013 pa èèyàn tó lé ní 1,100. Wọ́n ṣì ń fọmọdé fọ́kọ níbẹ̀ gan-an. Ní 2024, ìjọba yìnbọn lu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kó tó di pé ìjọba náà dojú dé. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí wọ́n ṣe ohun tó yẹ, Islam kò dènà rẹ̀, nígbà tí wọ́n sì ṣe ohun tí kò yẹ, kì í ṣe Islam ló rán wọn.

Iran náà wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá rò pé àwọn àáfáà ló máa ń dí ọ̀nà. Lẹ́yìn ogun ọdún mẹ́jọ òun àti Iraq, ìjọba àwọn àáfáà gan-an ló gbé ètò ìfètò-sọ́mọ-bíbí dìde ní 1989, tó fi dé àwọn ilé ìlera kéékèèké lábúlé, ọkọ àti ìyàwó sì gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀ kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀. Iye ọmọ tí obìnrin ń bí já wálẹ̀ láti orí mẹ́fà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sí bíi méjì láàárín ogún ọdún. Ìjọba kan náà ti wá yí èrò padà báyìí, ó ń fẹ́ kí wọ́n bímọ sí i. Òṣèlú ni méjèèjì.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti mẹ́nu ba Afghanistan. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Láti 2021, àwọn Taliban kò jẹ́ kí ọmọbìnrin kàwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti fásitì mọ́ wọn ní Oṣù Kejìlá 2022. Ìwà ìkà ni, ó sì yẹ kí Mùsùlùmí jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan sọ ọ́: Ahmed al-Tayeb, olórí Al-Azhar, ilé ẹ̀kọ́ Islam tó lókìkí ní Cairo, kéde lóṣù yẹn kan náà pé ohun tí wọ́n ṣe ta ko Sharia. Orílẹ̀-èdè 57 ló wà nínú àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, kò sí òmíràn nínú wọn tó ṣe irú òfin yìí. Bó bá jẹ́ ẹ̀sìn ló ṣe é, kí ló dé tí 56 tó kù kò ṣe é?

Ká wá wálé. Ọ̀rọ̀ Òkè Ọya ló máa ń gbẹ̀yìn àríyànjiyàn yìí nílẹ̀ wa. Nígbà tí Lugard ṣẹ́gun Sókótó ní 1903, ó ṣèlérí pé ìjọba òun kò ní tojú bọ ẹ̀sìn wọn. Ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni pé wọn kò jẹ́ kí àwọn míṣọ́nnárì ráàyè wọ ilẹ̀ àwọn ẹ́míà, bẹ́ẹ̀ míṣọ́nnárì ló ń kọ́ ilé ìwé nígbà náà. Ìjọba kò kọ́ tirẹ̀ tó láti dí àlàfo náà. CMS Grammar School ti ṣí l'Ékòó ní 1859. Àwọn ọdún 1920 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì Katsina tó bẹ̀rẹ̀. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún láàárín wọn, òyìnbó tó fẹ́ fi owó kékeré ṣàkóso ilẹ̀ ńlá ló sì fà á jù.

Àwọn Mùsùlùmí Èkó náà bẹ̀rù ilé ìwé nígbà yẹn, ẹ̀rù wọn kì í sì í ṣe ẹ̀rù lásán: ọmọ á lọ bíi Rájí, á padà wálé bíi Josẹ́fù. Wọn kò wá jókòó ti ẹ̀rù náà. Ní 1923, wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ l'Ékòó, wọ́n ń dá owó, wọ́n ń kọ́ ilé ìwé tí ọmọ á ti kọ́ ìṣirò tí á sì ti kírun. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tẹ̀lé wọn. Nígbà tó di Oṣù Kìíní 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ṣí ilé ìwé ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ, kò sì bi wọ́n bóyá ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí ni wọ́n ń lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè wọ agbo ilé kan ní Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú, kí ẹ bá ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ Alhaji àti àbúrò tó jẹ́ díákónì, kí ẹ má sì mọ ẹni tó kàwé ju ara wọn lọ nínú wọn.

Mo kà á sí ìwà ìkà láti máa tan ìgbàgbọ́ òdì yìí ká, torí àwọn tó ń jèrè rẹ̀. Gómìnà tó jẹ owó ilé ìwé kò ní í dáhùn ìbéèrè kankan tí gbogbo èèyàn bá ti gbà pé ẹ̀sìn àwọn ará ìlú ló jẹ́ kí ọmọ wọn wà nílé. Òfin ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ (UBE) tí Nàìjíríà ṣe ní 2004 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré, kí ìpínlẹ̀ tó bá sì fẹ́ gbà nínú rẹ̀ mú iye kan náà wá láti àpò tirẹ̀. Lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà ló ń kù nílẹ̀ ní Àbújá, torí àwọn ìpínlẹ̀ kan kò mú tiwọn wá. Ìpínlẹ̀ tí gómìnà rẹ̀ ń kírun ti wà lára wọn rí, èyí tí gómìnà rẹ̀ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì náà ti wà lára wọn rí.