Tai chi wo ló yẹ kí àgbàlagbà fi bẹ̀rẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè múlẹ̀?

Ìbéèrè: Màmá wa ti pé ẹni ọdún 73, Ẹ̀búté Mẹ́ta ni wọ́n ń gbé. Ẹsẹ̀ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ dá wọn lójú mọ́, wọ́n sì ti fẹsẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n máa ṣe tai chi, eré ìmárale àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n ń rọra ṣe yẹn. Mo dé orí YouTube, mo bá Yang, Chen, Sun, 8, 24, 108. Èwo ni ká mú?

Ìdáhùn: Yang, Chen àti Sun, orúkọ ìdílé àwọn tó dá ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ni. Nọ́ńbà ni iye ìgbésẹ̀ tí wọ́n tò tẹ̀ léra. Ọwọ́ tó ń lọ jẹ́jẹ́ nínú fídíò ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọwọ́ kọ́ ni kò ní jẹ́ kí màmá ṣubú, ẹsẹ̀ ni. Ẹ wá èyí tí wọ́n ti ń dúró gíga, tí ẹsẹ̀ kan ń gba ara lọ́wọ́ èkejì díẹ̀díẹ̀, tó sì kúrú tó èyí tí àgbà lè há sórí.

Bí orúnkún wọn kò bá dùn wọ́n, Yang oní 8 ni kí ẹ mú. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, pálọ̀ kékeré sì gbà á. Ohun tí wọ́n bá kọ́ níbẹ̀ tún wà nínú 24, kò ní ṣòfò. Ìgbìmọ̀ eré ìdárayá ìjọba Ṣáínà ló to 24 yìí ní 1956 kó lè rọrùn fún gbogbo ìlú, ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn yẹn kì í ṣe ti ẹni ọdún 73: ibì kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ejò sọ lórúkọ, tí èèyàn á ti lóṣòó lórí ẹsẹ̀ kan, tí á na èkejì gbọọrọ. 108 ní tirẹ̀ lè gbà tó ìṣẹ́jú 20. Kí wọ́n tó há a tán, ó ti sú wọn.

Bó bá jẹ́ pé làkúrègbé wà ní orúnkún, Sun ló sàn jù. Sun Lutang (1860–1933) ló dá a sílẹ̀. Ìdúró rẹ̀ ga, bí ẹsẹ̀ kan bá sì ti lọ síwájú, èkejì á tẹ̀ lé e, nítorí náà gbogbo ara kì í pẹ́ lórí orúnkún kan ṣoṣo. Òun ni Paul Lam, dókítà kan ní Australia, lò ní àwọn ọdún 1990 láti ṣe tai chi fún àwọn tí oríkèé ń dùn. Ẹ fi Chen sílẹ̀ ná: ó ń lọ sílẹ̀ púpọ̀, ó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀, ó sì ń ju ẹ̀ṣẹ́ lójijì.

Ìbéèrè: Ṣé ó ń dín ìṣubú kù lóòótọ́, àbí fàájì àwọn olówó Ìkòyí ni?

Ìdáhùn: Ó ń dín in kù. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2018 lo èèyàn 670 tí wọ́n ti lé ní ẹni ọdún 70 tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pé e. Àwọn tó ṣe tai chi ní wákàtí kan, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 24, ìṣubú wọn fi 58 nínú 100 dín sí ti àwọn tó kàn ń na ara. Ìgbésẹ̀ 8 ni tiwọn náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe Yang oní 8 tí à ń wí. Fuzhong Li, olórí àwọn tó ṣe ìwádìí náà, ló ṣà á jọ láti inú 24. Ẹ kíyè sí ọ̀sẹ̀ 24 yẹn. Ẹni tó ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ní kò ṣiṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló ń fà á tí orúnkún àwọn míì fi ń dùn wọ́n, tàbí tí wọ́n ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é?

Ìdáhùn: Wọ́n ń ju ẹsẹ̀ síwájú, wọ́n wá ń ṣubú lé e lórí. Bó ṣe yẹ kó rí rèé. Kí màmá gbé ara lé ẹsẹ̀ ọ̀tún pátápátá, kí orúnkún rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀. Kí gìgísẹ̀ òsì wá kan ilẹ̀ níwájú láìgbé ara lé e. Ẹ ní kí wọ́n gbé e padà: bí wọn ò bá lè gbé e láìmì, ìgbésẹ̀ yẹn ti gùn jù, kí wọ́n gé e kù. Bó bá dáa, kí àtẹ́lẹsẹ̀ balẹ̀, kí ara tó rọra lọ síwájú. Orúnkún ò gbọdọ̀ kọjá ọmọ ìka ẹsẹ̀, ibi tí ọmọ ìka bá kọjú sí ni òun náà gbọ́dọ̀ kọjú sí.

Àṣìṣe kejì ni kí ẹsẹ̀ méjèèjì bọ́ sórí ìlà kan. Ẹ fi ojú irin rélùwéè Ìddó wò ó: ẹsẹ̀ ọ̀tún ní irin tirẹ̀, òsì ní tirẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 láàárín wọn.

Bí wọ́n bá sì fẹ́ yí, kí wọ́n má yí ẹsẹ̀ tí ara wà lórí rẹ̀. Ilẹ̀ ti di bàtà mú, orúnkún ni yóò lọ́. Kí ara kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀, kí ẹsẹ̀ tó yí lórí gìgísẹ̀.

Nínú oní 8 yẹn, ìgbésẹ̀ àkùkọ tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ kan àti ti gbígbá gìgísẹ̀ síwájú ló le. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì má kúrò nílẹ̀, kí àga tó wúwo sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àga ike kì í dúró bí èèyàn bá fà á.

Ìbéèrè: Ṣé ó yẹ kí wọ́n rí dókítà ná?

Ìdáhùn: Kí wọ́n dúró lẹ́bàá ògiri, kí ẹ wà lọ́dọ̀ wọn. Kí gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ tó wà níwájú fara kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó wà lẹ́yìn. Bí wọn ò bá lè dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn físíò, àwọn tó ń fi eré ìmárale tọ́jú iṣan àti oríkèé, ní ilé ìwòsàn eegun Ìgbóbì tàbí jẹ́nẹ́rà tó bá sún mọ́ yín, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bá ń jẹ́ kí òòyì kọ́ wọn tí wọ́n bá dìde, tàbí bí ìtọ̀ ṣúgà bá ti jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn kú tipiri.

Ìbéèrè: Ibo ni kí wọ́n ti máa ṣe é, kí ni kí wọ́n wọ̀?

Ìdáhùn: Ilẹ̀ gbígbẹ tó tẹ́jú. Ìńtálọ́ọ̀kì tó ti rì níbì kan tó wú níbòmíì kò dáa. Ṣòkòtò ni, ìró ń di itan mú. Kánfáàsì pẹlẹbẹ, kì í ṣe sìlípáàsì.

Ìbéèrè: Kò sí olùkọ́ nítòsí wa. Ṣé fídíò tó?

Ìdáhùn: Ó tó láti fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wá èyí tí olùkọ́ kọ ẹ̀yìn sí yín. Bó bá kọjú sí yín, ọ̀tún rẹ̀ á wà lósì yín, àgbà á sì dà á rú. Ìgbésẹ̀ kan lọ́sẹ̀ tó. Kí ọwọ́ wọn kọ́kọ́ wà ní ìbàdí títí ẹsẹ̀ á fi mọ ọ̀nà rẹ̀, kí wọ́n tó fi ọwọ́ kún un.