Gbígbé nìkan ti tó ẹ̀ṣẹ̀

"Wọn ò kúkú fi í ṣe nǹkan kan kí wọ́n tó gbà á sílẹ̀, ẹjọ́ wo ló tún kù?" Ẹ ó gbọ́ ọ l'Abẹ́òkúta nígbàkígbà tí ọwọ́ bá tètè tẹ ajínigbé. Irọ́ gbáà ni.

Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí ọ̀pọ̀ ibi ní gúúsù Nàìjíríà ti ń lò bọ̀ láti 1916 kì í dúró de aburú kejì. Ẹni tó gbé obìnrin lọ láìfẹ́ rẹ̀, torí àtifi ṣaya tàbí àtibá a lò pọ̀, lè lọ ẹ̀wọ̀n ọdún 7, bí kò tilẹ̀ tíì fọwọ́ kàn án. Ẹni tó jí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 gbé, torí àtibọ́ yẹtí rẹ̀ lásán, ọdún 14. Ẹni tó ti àgbàlagbà mọ́lé síbi tẹ́nì kankan ò ti lè mọ̀, ọdún 10 péré! Abájọ tí Èkó fi ṣe òfin tiẹ̀ ní 2017: ẹ̀wọ̀n gbére ni, bí ẹni tí wọ́n jí bá sì kú, ikú ni.

Ibi tó dùn níbẹ̀ ni bí adájọ́ ṣe ń mọ ète, ìyẹn ohun tí ajínigbé fẹ́ fi ẹni tó gbé ṣe. Ẹ lọ sí Ìtòkú, ẹ wo àdìrẹ oníko kó tó wọnú aró. Funfun ṣì ni aṣọ náà, ṣùgbọ́n ẹni tó mọṣẹ́ á wo bí wọ́n ṣe fi ìko dì í, á sì sọ ọnà tó máa yọ. Ìdì ni adájọ́ náà ń wò: yàrá tí wọ́n ti háyà sẹ́yìn ìlú, okùn tí wọ́n rà sílẹ̀, ọkọ̀ tí wọ́n yọ nọ́ńbà rẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń bèèrè pé "ṣé ẹ ti rí i?" Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ní àwíjàre tiẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá pé jọ sára aṣọ kan lọnà ń hàn. Bí ọlọ́pàá bá já wọlé kí wọ́n tó rì í sáró, ìdì ò tíì tú. Ṣùgbọ́n ìko tó wà nínú igbá kì í ṣe àdìrẹ o. Okùn inú bùútù, láìsí ẹni tí wọ́n gbé, kò tíì di ẹ̀sùn yìí.

Ìjọba ló sì gbọ́dọ̀ fìdí ète náà múlẹ̀ kọjá iyèméjì tó mọ́gbọ́n dání. Ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fi ẹgba gbà lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá kò wúlò lábẹ́ òfin ẹ̀rí ọdún 2011. Ọlọ́pàá tó gbára lé e, tí kò gba fóònù àwọn afurasí, tí kò wá onílé tó gbowó yàrá, ọwọ́ òfo ló máa gbé dé iwájú adájọ́.